Ọ̀gbọ̀ Ìyá Anna

Ọjọ́ Ajé ni àpótí náà dé ẹnu ọ̀nà Àrínọlá ní Kettering, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo débi pé ẹni tó gbé e wá fi ẹsẹ̀ tì í dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó tẹ aago, ó sì sá padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá Anna ló ti wá. Anna ni ọmọbìnrin tí Déolú, ọmọ kan ṣoṣo tí Àrínọlá bí, fẹ́ fi ṣaya. Pólàndì ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, Halina lorúkọ rẹ̀, Fairwood ló sì ń gbé báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ilé Àrínọlá. Síbẹ̀ àwọn ìyá méjèèjì kò tíì fojú kanra rí. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni Halina àti ọmọ rẹ̀ máa wá jẹun ní Kettering, kí àna lè mọ àna.

Déolú ti kìlọ̀ lórí fóònù.

"Mummy, it's just lunch. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan. Just be normal."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àrínọlá, nítorí kò mọ ìgbà tí òun kì í ṣe bí èèyàn gidi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Upper Marlboro kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò sì pè é sí kọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ yé e. Baba Déolú ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọ nìkan ló kù. Ó sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá kan nínú ìjọ wọn: ọmọ gbéyàwó, ìyá àti àna ṣẹ ara wọn, kò pẹ́, ìyá di ẹni tí wọ́n ń fi fóònù kí lálẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, "Love you, Mummy," ó parí. Èyí ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ. Ìgbéyàwó náà gan-an, ilé Halina ni wọ́n fẹ́ ti ṣe é, èèyàn méjìlá péré yí tábìlì kan ká. Ó ti bi Déolú bóyá òun wà lára àwọn méjìlá náà. "Of course, Mummy," ni Déolú dáhùn, àmọ́ ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ìyá rẹ̀ sì ka bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe gùn tó.

Ó tú àpótí náà. Abọ́ amọ̀ ló kún inú rẹ̀, wọ́n fi bébà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: àwo pẹrẹsẹ mẹ́fà, àwo ọbẹ̀ mẹ́fà, àti ìkòkò ọbẹ̀ kan tó ní ìdérí. Wọ́n funfun, wọ́n sì fi búlúù tẹ àmì róbótó sí wọn lára káàkiri, bí ojú tó wà lára ìyẹ́ ọ̀kín. Ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí méjì tó bára mu tán. Ọmọ Ìbàdàn ni Àrínọlá. Ìsaasùn ni ìyá rẹ̀ àgbà fi ń se ọbẹ̀, ó sì mọ amọ̀ tí iná jẹ dáadáa bó bá rí i. Ó fi èékánná ta ọ̀kan, ó dún gooro. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó nù ún, ó tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, níbi tí àwọn abọ́ rẹ̀ tó dára jù lọ ti ń gbé láti ọdún 1998 láì tíì fojú kan oúnjẹ, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Abọ́ tí èèyàn bá fẹ́ràn, kì í fi jẹun.

Lábẹ́ àwọn abọ́ náà ni aṣọ wà.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni, ó tutù lọ́wọ́, ó sì nípọn, ó gùn tó ọ̀pá mẹ́rin ó lé díẹ̀. Wọ́n fi òwú pupa rán lẹ́tà sí etí rẹ̀, lẹ́tà oníkọ́rọkọ̀rọ tí kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti kà. Káàdì kékeré kan wà lórí rẹ̀: *From our home to your home. Halina.* Kò sí àlàyé kankan lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo. Bí àna bá fi aṣọ ránṣẹ́ sí obìnrin Yorùbá, kí ló yẹ kó ṣe? Kó rán an ni. Kó rán an kíákíá, kó sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí àna máa fojú rí i, kí àna lè mọ̀ pé ẹ̀bùn òun wọlé. Kéèyàn ká aṣọ àna sínú àpótí, ìjà ló fẹ́ jà. Àrínọlá tilẹ̀ ro ti Bíbélì mọ́ ọn. Àwọn àlùfáà wọ ẹ̀wù ọ̀gbọ̀. Jósẹ́fù wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí Fáráò fi í jẹ olórí. Wọ́n fi ṣe aṣọ ìkélé nínú àgọ́ Olúwa. Kò rántí ibì kankan tí wọ́n ti gbé oúnjẹ lé e. Ní ti lẹ́tà pupa, ìyẹn ò ṣòro rárá: àǹkárá gidi, ṣebí wọ́n máa ń tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí etí rẹ̀ ni, kí ayédèrú má baà fara wé e.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e lọ fún Jàfárù, télọ̀ tó ń rán aṣọ fún ìdajì ìjọ wọn.

"Ìró àti bùbá," ló wí fún un. "Etí tó ní lẹ́tà yẹn, má gé e dànù o. Jẹ́ kó hàn. Original ni."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mummy," ni Jàfárù wí. "Mo máa fi yí ìdí bùbá ká, màá fi èyí tó kù sí ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ayé á rí i."

Ọjọ́bọ̀ ló gbé e wá, ó ti lọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni Anna pè. Ọmọ dáadáa ni Anna, ó máa ń fi "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà" bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìyá òun ò rí oorun sùn. Ó ní ẹ̀rù ń bà á pé aṣọ náà lè má gùn tó tábìlì Mummy.

"Tábìlì wo?" ni Àrínọlá bi í.

Anna wá ṣàlàyé. Ìyá kan nínú ìran Halina ló gbin ọ̀gbọ̀ náà sóko, tó ran án, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún. Gbogbo ọmọbìnrin ilé náà tó lọ sílé ọkọ, orí aṣọ yẹn ni wọ́n ti jẹun ìgbéyàwó wọn, wọ́n á sì fi òwú pupa rán orúkọ rẹ̀ sí etí aṣọ náà. Orúkọ márùn-ún ló ti wà níbẹ̀. Ti Anna ló máa ṣìkẹfà. Halina fi í ránṣẹ́ kí wọ́n lè kọ́kọ́ jẹun lórí rẹ̀ nílé ìyá ọkọ, kó tó gbé e padà sílé fún ọjọ́ ńlá náà.

"It's the only thing she carried out of Poland," ni Anna wí.

Àrínọlá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Bùbá náà wà lórí ìkọ́. Ó dára gan-an.

"It fits," ló wí. "Tell her it fits very well."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, inú sì bí i sí Jàfárù, ẹni tí kò ṣe ju ohun tí wọ́n ní kó ṣe lọ. Níkẹyìn ó pe Ọmọ́kẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ, ẹni tí ojútùú sí wàhálà ẹlòmíràn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Àrínọlá, mú ọkàn le," ni Ọmọ́kẹ́mi wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè yẹn gan-an ni mo fi rán bùbá."

"Ó dáa. Sọ pé wọ́n jí àpótí náà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń jí package káàkiri Maryland, ta ló máa jiyàn?"

Irọ́ náà dára, Àrínọlá ò lè purọ́ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a, ẹnu Jàfárù ò sì ní jẹ́ kó pé ogún ọjọ́. Ó wọ jígí rẹ̀, ó gbé bùbá náà sórí itan, ó sì ka àwọn lẹ́tà pupa yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Marianna. Zofia. Helena. Halina. Ọ̀kan gùn ju àwọn yòókù lọ, Jàfárù sì ti pín in sí méjì: *Broni* wà ní ọwọ́ ọ̀tún, *sława* wà ní ọwọ́ òsì. Kò lè sọ pé olè ló gbé àwọn obìnrin yìí lọ nígbà tí wọ́n wà lórí itan òun.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí fún ọwọ́ òsì.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran, ó to àwo ojoojúmọ́ sórí tábìlì, ó sì wọ ìró àti bùbá náà. Déolú ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wo tábìlì. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Mummy," ló rọra wí. "Is that..."

"Òun ni."

Halina wọlé tẹ̀lé e, Anna wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin gíga tí irun rẹ̀ kúrú ni, ó gbé kéèkì dání. Òun náà wo tábìlì, ó wo Àrínọlá, ó sì gbé kéèkì náà kalẹ̀. Kó tó sọ ohunkóhun, Àrínọlá ti kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ sì dún. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pa mọ́: pé òun ló ní kí wọ́n gé aṣọ náà, pé níbi tí wọ́n ti bí òun, bí èèyàn bá gba aṣọ lọ́wọ́ àna, ó máa ń fi ara gbà á ni, pé òun ò béèrè, ó sì yẹ kí òun béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ mi," ló fi parí ọ̀rọ̀.

Halina na ọwọ́ sí i. Ó fà á dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká, ó ń fi ìka tẹ̀lé etí bùbá, ó ń kà. Marianna wà ní ìbàdí. Zofia àti Helena wà lẹ́yìn. Halina alára wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Nígbà tó dé iwájú, ó mú ọwọ́ Àrínọlá méjèèjì, ó pa wọ́n pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, Bronisława sì pé.

"Ìyá mi àgbà nìyí," ni Halina fi Gẹ̀ẹ́sì wí. Kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Gbogbo ìgbà ogun, àpò ìyẹ̀fun ló rán wọ̀. Aṣọ yìí wà nínú àpótí rẹ̀ fún tábìlì. Kò fi kan ara rẹ̀ rí."

Ojú rẹ̀ kún fún omijé, ti Àrínọlá náà kún. Déolú ń wo ilẹ̀.

"Àwọn abọ́ ńkọ́?" ni Halina béèrè.

Àrínọlá nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Halina wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ohun méjì ló fi ránṣẹ́ fún tábìlì. Ọ̀kan wà lára èèyàn, wọ́n sì ti èkejì mọ́lé. Ó na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n fi abọ́ olójú ọ̀kín náà jẹun. Àrínọlá ń wo gbogbo ṣíbí tó bá kàn wọ́n, kò sí èyí tó fọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, Halina mú abẹ́rẹ́ àti òwú pupa jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ti mú wọn dání látilé. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ Àrínọlá. Àyè tó kù fún Anna, iwájú bùbá ló bọ́ sí, lórí ikùn gan-an. Kí Àrínọlá tó lè bọ́ ọ, Halina já òwú díẹ̀, ó sì fi sí i lẹ́nu.

"Ẹ fi eyín dì í mú," ló wí. "Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá rán aṣọ sí èèyàn lára láìjẹ́ pé ó fi eyín di òwú, wọ́n á rán ọgbọ́n orí rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ títí n ó fi parí."

Ó ń rán an wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Kò sí ọmọ wa tó lọ́kọ láìsí aṣọ yìí nídìí tábìlì. Torí náà, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jókòó, àárín gbùngbùn. Ẹ ò sì gbọdọ̀ dìde kí oúnjẹ tó tán."

Òwú ẹnu Àrínọlá ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri, ó sì fi ìka tẹ oṣù Kejìlá.

"Kérésìmesì náà," ni Halina wí. "Àti Àjíǹde. Ilé ẹni yòówù kó jẹ́."

Déolú bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ó bi í bóyá kò sí wàhálà. Ìyá rẹ̀ mi orí pé kò sí. Abẹ́rẹ́ ti parí lẹ́tà tó kẹ́yìn, Halina sì ti já òwú, ó ní kí Àrínọlá tu òwú ẹnu rẹ̀ dànù. Àrínọlá ò tu ú. Ó fi eyín dì í mú ṣinṣin.