Ẹja Tí Abdulafeez Ń Rí Nínú Fóònù

"Kí ẹja tó rí àwọ̀n, áàpù mi ti rí ẹja! Kí ẹja tó mọ̀ pé òun máa kú lónìí, mo ti mọ obìnrin tó máa sè é, mo ti mọ ata tó máa fi sè é, mo sì ti mọ̀ bóyá ata náà máa ta jù!"

Abdulafeez ló ń pariwo báyìí nínú máìkì ní Òkè-Àgbò, lọ́jọ́ tó fẹ́ fi áàpù rẹ̀ han gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rọ agbóhùnjáde tó háyà ga ju òrùlé lọ. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé adìẹ kan tó ń sàba lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí dìde lórí ẹyin, ó ní òun ò ṣe mọ́, kí ẹyin máa tọ́jú ara rẹ̀.

"Irọ́ ńlá!" Ọlọ́kadà kan ló fèsì láti orí ọ̀kadà rẹ̀. "Ìwọ tí o ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹja àrọ̀ àti bàtà ẹsẹ̀ rẹ!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Abdulafeez fojú burúkú wo ọlọ́kadà náà. Lójú tirẹ̀, ọ̀tá ni gbogbo wọn, ọlọ́kadà, onígbàjámọ̀, télọ̀, títí kan ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ta ni nínú wọn tó ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ojú ń pọ́n ọn?

Ká má parọ́ mọ́ ọn o, ohun tó rò dára. Asimawu, ìyá rẹ̀, ni olórí àwọn ẹlẹ́ja Òkè-Àgbò. Tí ilẹ̀ ò bá tíì mọ́ dáadáa, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti háyà bọ́ọ̀sì, ó di Ìbíàdé létí omi, níbi tí àwọn apẹja wà. Lọ́jọ́ mìíràn agbọ̀n á kún. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀fọn nìkan ni wọ́n á gbé bọ̀, ẹ̀fọn náà á sì ti jẹun yó. Abdulafeez wá lọ kọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò parí ẹ̀kọ́ o, ó ní orí òun ti kún. Ó jókòó sílé, ó sì ṣe áàpù kan tó pè ní Ẹja Dé. Tí o bá ṣí i láàárọ̀, á sọ fún ọ irú ẹja tó wà létí omi Ìbíàdé, kó o tó wọ bọ́ọ̀sì.

Ṣíṣe é kọ́ ni wàhálà. Gbígbé e jáde ló fẹ́ pa á. Àwọn tó ń ṣọ́ ọjà áàpù lórí ẹ̀rọ dá a padà, wọ́n ní àwòrán ẹja tó fi síwájú rẹ̀ tóbi jù. Ó dín ẹja kù. Wọ́n tún dá a padà, wọ́n ní kò sọ ohun tó máa fi àṣírí àwọn tó bá ń lò ó ṣe.

"Àṣírí wo?" ló kígbe mọ́ láptọ́ọ̀pù. "Àṣírí ẹja?"

Wọ́n tún ní kó kọ́kọ́ wá àwọn èèyàn tó máa dán an wò, tí wọn ò sì ní sá lọ. Ó bẹ onígbàjámọ̀, ó bẹ télọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí onígbàjámọ̀ fi yọ ọ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀, ó ní kò jẹ́ kí fíìmù òun ráyè wọlé. Abdulafeez ò kí i mọ́ títí dòní. Irun orí rẹ̀ ti gùn bí igbó Ìjẹ̀bú, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn bẹ́ẹ̀ ju kí ọ̀dàlẹ̀ fọwọ́ kan òun lórí.

Nígbà tí áàpù wá wọ ọjà tán, ìyá rẹ̀ kó gbogbo àwọn ẹlẹ́ja jọ, ó ní kí wọ́n tẹ ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń yin áàpù fún ọmọ òun. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ìràwọ̀ kan, ìràwọ̀ kan, gbogbo wọn! Abdulafeez wo fóònù, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, kí ni mo fi ṣe yín? Márùn-ún lẹ̀ ń tẹ̀!"

"Márùn-ún?" Rachel ló dáhùn, obìnrin aláṣọ funfun tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Ànú, nítorí Ànúolúwa ọmọ rẹ̀. "Kí n gbé ọ sí ipò karùn-ún? Ànú ṣe ipò karùn-ún nílé ìwé lọ́dún tó kọjá, ẹgba ló fi jẹun alẹ́. Ipò kìíní la fún ọ. Dúpẹ́!"

Àwọn yòókù, ìfẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Rachel nìkan ló mọ ohun tó ń tẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wo àga tí Asimawu ń jókòó lé nínú ọjà, bí ológbò ṣe ń wo ẹja lórí ààrò.

Àmọ́ Japheth ló fi iyọ̀ sí ojú egbò. Japheth ni apẹja tí Asimawu ti ń bá ṣòwò láti ìgbà tí Abdulafeez ṣì ń rá. Abdulafeez lọ bá a ní Ìbíàdé pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó ní kí bàbá máa fi fóònù sọ ohun tó bá wà nínú ọkọ̀ fún òun láràárọ̀, kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Japheth wò ó láti orí dé bàtà. "Níbí, a kì í dárúkọ ẹja fún ẹnikẹ́ni kí ìyàwó ẹni tó fojú rí i. Òun ló ń ṣà á, òun ló ń sọ iye tá a máa tà á. Ṣé o fẹ́ kí obìnrin náà lé mi lọ sùn sínú ọkọ̀ ni?"

"Ẹ̀yin bàbá yìí náà! Ayé ti lajú o."

"Bí ayé bá ti lajú, kó fi ojú ọ̀hún wá ẹja." Ó na àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ sí i. "Kúrò níwájú mi kí n tó fi igi yìí kọ áàpù sí ọ lẹ́yìn!"

Bàtà tó ń dán náà kó ẹrẹ̀ dé okùn. Bí Abdulafeez ṣe ń lọ sílé, ó ń bú Japheth, ó ń bú ìyàwó Japheth tí kò rí rí, ó ń bú odò. Nígbà tó dé ilé, ó rò ó, ó tún un rò. Ẹja kì í sábà ṣàìsí ní Ìbíàdé, àbí? Kí ló dé tí òun ń bẹ èèyàn? Láti ọjọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń pẹja. Á jí, á yán, á kọ ọ́ sínú áàpù pé, "Ìbíàdé: ẹpìà pọ̀, àrọ̀ díẹ̀." Á sì tún sùn padà.

Ó bọ́ sí i! Àwọn obìnrin á débẹ̀, wọ́n á bá ẹpìà. Tí wọn ò bá bá àrọ̀, wọ́n á ní àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ló ti gbé e lọ. Asimawu wá bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn lọ́jà, ó ń gbé ọrùn bí àgùfọn. Ara Rachel ò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹlẹ́ja, ó dìde.

"Alhaja, a ti gbọ́ ti ọmọ. Tí áàpù yìí bá wá parọ́ fún wa ńkọ́, ṣé ẹ máa dìde lórí àga?"

"Bó bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," Asimawu nawọ́ sókè, inú ti ń bí i, "màá dìde, mi ò sì ní jókòó níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ọmọ tèmi kì í parọ́!"

Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ tí kì í parọ́ wà tó ń gbọ́. Itọ́ tó gbé mì lọ́jọ́ náà tó kún kòtò. Ì bá fa ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ilé, kó jẹ́wọ́ fún un. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá fi áàpù han aráyé tán.

Ọjọ́ náà ló dé yìí. Láàárọ̀, kó tó lọ gba máìkì, ó ti kọ ọ́ sínú áàpù pé, "Ìbíàdé: ọ̀bọ̀kún rẹpẹtẹ, edé ń bọ̀ lẹ́yìn." Ohun tó ń rò ni pé ìyá òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kó ẹja dé, wọ́n á dà á sílẹ̀ níwájú èrò, ẹnu ọ̀tá á pa dé. Asimawu àti Rachel jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ, wọn ò kí ara wọn. Àga Asimawu sì wà níwájú èrò, wọ́n ti fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó, ó ń dúró dè é.

"Ẹ máa pariwo yín lọ!" Abdulafeez tún gbé máìkì sẹ́nu. "Lánàá, ọba kan pè mí láti ìlú òkèèrè. Ó ní kí n wá bá òun wá òrùka tó já sínú òkun. Mo ní kó lọ tò sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ja Òkè-Àgbò!"

"Ọba wo?" télọ̀ bi í. "Kó pè ọ́ níbí ká gbọ́!"

"Ó ń sùn lọ́wọ́. Ilẹ̀ tiwọn ti ṣú."

Wọ́n ju èèpo ọsàn lù ú. Ó yẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni bọ́ọ̀sì àwọn ẹlẹ́ja dé, ó dúró lẹ́yìn àwọn pákó tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Rachel nìkan ló ti ibẹ̀ yọ, ó ru agbọ̀n, ó fi aṣọ funfun bò ó. Inú Abdulafeez dùn débi tó fi fò sókè.

"Ẹ wo ọ̀tá áàpù! Ẹ wo ohun tí ọ̀tá áàpù rù dé!"

Rachel sọ agbọ̀n kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ Rachel á ti sá nígbà náà.

"Abdul, ọkọ mi. Kí n tó ṣí agbọ̀n yìí, dákun, bá wa bi áàpù. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbíàdé báyìí?"

"Báyìí-báyìí?" Ó tẹ fóònù, ó di ojú kan. "Hẹ̀ẹ̀! Ọkọ̀ ń bọ̀, wọ́n bo odò! Japheth ló ṣíwájú. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa. Ó ń fa àwọ̀n, ẹja náà ń fa òun, ó ń ké pé kí wọ́n gba òun!"

"Ṣé ó dá ọ lójú pé Japheth ni?"

"Tí kì í bá ṣe Japheth, kí n gbàgbé orúkọ bàbá tó bí mi! Mo ń ka eyín ẹnu ẹ̀ níbí."

Rachel ká aṣọ funfun kúrò. Agbọ̀n ṣófo, ó mọ́ tónítóní bí abọ́ ọ̀lẹ. Ó kọjú sí ẹ̀yìn pákó. "Bàbá, ẹ máa bọ̀. Ó ní òun ń rí yín."

Japheth jáde. Aṣọ dúdú ló wọ̀.

"Èmi tí ẹja ń fà rèé," ló wí. "Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ọ̀hún dà?"

Gbogbo èrò yíjú sí Abdulafeez. Ewúrẹ́ pàápàá pa páálí tó ń jẹ tì.

"Zechariah, àgbà gbogbo àwa ọlọ́kọ̀, kú lánàá," Japheth ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ, gbogbo ọkọ̀ la máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ sí bèbè. Àjẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan omi títí a ó fi sin ín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ níbí ni mo wá túfọ̀ fún. Bí mo ṣe ń gbéra ni mo bá àwọn ìyá yìí létí omi, wọ́n ń wá ọ̀bọ̀kún láàárín ọkọ̀ tó dojú délẹ̀, níwájú àwọn tó ń sunkún! Díẹ̀ ló kù kí àwọn èèyàn wa lù wọ́n!"

"Ńẹ́tíwọọ̀kì ni," Abdulafeez ń kólòlò. "Àwòrán àná ló ń gbé wá."

"Àná? Òkú là ń gbé lánàá!"

Asimawu ló sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì. Gèlè rẹ̀ ti tú. Kò pariwo. Ó rìn títí ó fi dé iwájú ọmọ rẹ̀.

"Abdulafeez, mo fi orúkọ rẹ búra níwájú gbogbo wọn. Ta ló ń sọ ẹja fún ọ láràárọ̀?"

Abdulafeez wo ilẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú kó lè sọ ọ̀rọ̀ náà sí ìyá rẹ̀ létí, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ó ti gbàgbé pé máìkì wà lẹ́nu òun.

"ÈMI NI!"

Wọ́n gbọ́ ọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń wẹ̀ níbẹ̀ dáhùn pé, "Ìwọ ta ni?"

Asimawu kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀. Ó lọ bá àga rẹ̀, ó ṣí aṣọ aláwọ̀ ewé náà, ó ká a. Lẹ́yìn náà ó di àga mú, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe ń dojú ọkọ̀ délẹ̀. Rachel pàápàá ò lè rẹ́rìn-ín. Asimawu wá gbé agbọ̀n tó ṣófo, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

Abdulafeez fò kúrò lórí pèpéle. Agbọ̀n gba ibi tí orí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ kọjá. Àwọn ẹlẹ́ja ń bọ̀ lẹ́yìn, tàwọn ti agbọ̀n, ó sá lọ bá ọlọ́kadà.

"Gbé mi! Dákun, ibikíbi!"

"Mi ò tíì rí ọ lórí áàpù," ọlọ́kadà fèsì, ó sì pa ọ̀kadà.

Ó kọrí sí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́ Rachel. Máìkì náà ò ní wáyà, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Òkè-Àgbò dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ láti inú ẹ̀rọ agbóhùnjáde bó ṣe ń mí: hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, yèéè, ẹ dì í mú, ajá ta nìyí, hẹ̀, hẹ̀, títí ohùn náà fi lọ sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan mọ́.