Àkísà Pupa Méje

Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogóje ìṣísẹ̀. Ọlájídé kà á parí bí ó ti fọwọ́ gbá ọ̀pá àsíá tí ìgbìmọ̀ eré ìje rì mọ́ orí òkè, ó sì yíjú padà tẹ̀ríntẹ̀rín láti kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàbọ̀. Kò sí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ lórí àpáta. Parakou tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ sì ń fọn fèrè lọ sí Kútọnu.

Kútọnu gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló fa ọkùnrin mẹ́ta kalẹ̀: wọn á sáré láti pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Titirou, wọn á fọwọ́ kan àsíá, wọn á sì padà. Ọ̀nà tó bá wu kálukú ni kó gbà. Ìgbà tí ẹni kẹta bá wọlé ni wọ́n máa ń ka àkókò àdúgbò náà, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí kamaráàdì alága ìgbìmọ̀ ṣe wí, ìjọba òṣìṣẹ́ kò mọ akọni kan ṣoṣo. Àwọn tó bá borí yóò lọ sáré ní Kútọnu. Òkun kò jẹ́ tuntun sí Ọlájídé, olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n bí sétí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àkànní, káfíńtà ọmọ Ṣábẹ̀, kò rí òkun rí, Ọlájídé sì ti ṣèlérí fún un pé yóò fẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí ọdún 1979 tó parí.

Ìdí nìyẹn tó fi sọ òkè náà di àlọ́ tó gbọ́dọ̀ já. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, òun nìkan wá, ó rí ọ̀nà àbùjá kan láàárín àpáta méjì, ó sì so àkísà pupa mọ́ igi méje lójú ọ̀nà náà. Kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn lọ, ó so ṣùkù àgbàdo mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò fẹ́ kí àwọn ará Zongo, àdúgbò kan ṣoṣo tó lè bá wọn figagbága, gbọ́, nítorí náà kò ṣàlàyé púpọ̀ fún àwọn ará Banikanni tirẹ̀ pàápàá. "Ẹ ó rí àmì nídìí igi òrí," ló wí. "Ẹ gba ibẹ̀."

Ẹ̀rín ló gbọ́, láti ẹ̀gbẹ́ tí òkè ti dúró bí ògiri. Ó yọjú. Nọ́fíù télọ̀, ẹni kẹta wọn, ló ń fa Àkànní lọ́wọ́ gòkè, erùpẹ̀ ti bo àwọn méjèèjì.

"Kí lẹ ń wá níbí? Ẹ ò rí àmì ni?"

"Àmì wo?" Nọ́fíù ń mí gúlegúle. "Ààlè la rí. Àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo. Ọ̀nà ńlá sì ti jìn jù, la bá kọrí sí ògiri."

"Èmi ni mo so ó."

Wọ́n wò ó. Àkànní jókòó lórí òkúta.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, o di ààlè mẹ́nu ọ̀nà, o wá ní ká gba ibẹ̀ kọjá?"

Ojú ti Ọlájídé. Ó mọ ààlè láti ẹnu ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé olódi bíríkì ni wọ́n ti tọ́ ọ; ojú rẹ̀ kò fìgbà kan nídìí láti kà á. Àlejò a lójú, kò ní í fi ríran.

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àwọn mẹ́ta Zongo ti ọ̀nà ńlá yọ, wọ́n fọwọ́ kan ọ̀pá, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Àkànní àti Nọ́fíù náà fọwọ́ kàn án.

"Àbùjá nìkan la lè fi bá wọn," Ọlájídé wí.

"Ẹni tó so ó ni yóò tú u," Àkànní fèsì. "Mi ò kọjá ààlè, ìbáà ṣe tìrẹ."

"Méje ni."

"Kó o tú méjèèje."

Ó sáré ṣíwájú, ó ń dúró, ó ń tú, ó ń so àkísà mọ́ apá. Àwọn méjèèjì ń sáré ní ojú kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó méje ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ̀ láàárọ̀ yìí," Nọ́fíù wí.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn kò fẹ́ lọ," ni Àkànní dáhùn.

Nídìí ẹ̀kẹrin, Ọlájídé náà ti ń rẹ́rìn-ín débi pé ìka rẹ̀ kò ríbi mú ìdè.

Ó tú èkeje. Lẹ́yìn ìyẹn, níbi tí àpáta méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó bá igi ìdáná tí ẹnì kan tò dí ọ̀nà pa. Àkísà pupa wà lórí rẹ̀, ṣùkù àgbàdo, àti àjákù bàtà kan. Lẹ́yìn igi náà, pápá ló kàn. Ẹsẹ̀ àwọn Zongo ń dún bọ̀ láti ọ̀nà ńlá. Bí ó bá ní òun ṣi méje kà, pé mẹ́jọ ni òun so, wọn á gbà á gbọ́; bẹ́ẹ̀ kì í ṣi nǹkan kà.

"Èyí kì í ṣe tèmi," ló wí.

Nọ́fíù ti yà sínú koríko kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Àwọn ewúrẹ́ ń gba ibí. Ẹ tẹ̀ lé mi."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti jọ ń sáré ní ìdájí, iwájú sì ni Ọlájídé máa ń wà. Ìró ẹsẹ̀ wọn ló mọ̀. Ẹ̀yìn wọn ló ń wò báyìí. Nọ́fíù ń sáré bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lábẹ́ rẹ̀. Èjìká òsì Àkànní rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ṣì gbé pákó lé e. Koríko ń ya Ọlájídé lójúgun, kò sì fẹ́ kí ọ̀nà náà tán.

Wọ́n bọ́ sórí pápá. Nọ́fíù wọlé, Àkànní wọlé, Ọlájídé ṣe ẹ̀kẹta. Ẹni kẹta Zongo ṣì ku bí ogún ìṣísẹ̀.

Àkànní ti sùn gbalaja sórí ilẹ̀. "Ṣé òkun yẹn níyọ̀ lóòótọ́?"

"Ó níyọ̀."

"Ìṣísẹ̀ mélòó la sáré wálẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

 Ọlájídé wá iye náà, kò rí i. Èjìká òsì kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, tó ń lọ sókè, tó ń rọ̀ wálẹ̀ nínú koríko.