Ohun Tí Ọ̀gá Ọkọ̀ Sọ Nínú Òṣùpá

Láti ìgbà tí àìsàn ti di obìnrin aránṣọ kan létí lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ojú ló fi ń gbọ́ràn. Ẹni tó bá ti la ẹnu níwájú rẹ̀, á wo ètè onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ ti délé. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń pè é ní Ojúletí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin fà á lọ sí ilé sinimá. Sinimá ìgbà náà kì í fọhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré, kíkọ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ jáde kí èrò kà á. Tọjọ́ náà, àwọn kan kó sínú ọkọ̀ irin tó rí bí ìgò, ó di inú òṣùpá. Òṣùpá ọ̀hún, páálí tí wọ́n kùn lẹ́fun ni.

Ọ̀gá ọkọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ọbabìnrin òṣùpá, ó fọwọ́ kan sáyà, ó fi ìkejì tilẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ni Ojúletí bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ jáde ni pé: "Ọlọ́lá jù lọ, àlàáfíà la bá wá."

"Irọ́ ni!" Ojúletí kò mọ bí ohùn òun ṣe ròkè tó. "Ohun tó sọ ni pé, 'Màdáámù, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìka mi, ẹ ti fẹ́ gé e já!'"

Bàbá àgbàlagbà kan níwájú yíjú padà. "Kí ni ọbabìnrin wá fèsì?"

"Ó ní, 'Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹní ni?'"

Ẹ̀rín sọ. Onílé sinimá gbé àtùpà, ó ń bọ̀ kánkán. Ojúletí ti ń wá báàgì rẹ̀ láti dìde. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyá aránṣọ, ẹ má tíì lọ o. Onífìlà gíga tó wà lẹ́yìn ọbabìnrin yẹn, kí lòun ń wí? Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù tó kọjá."

Ojúletí wò ó. "Ó ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa jẹun."

Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń bi ayé pé, "Kí ni wọ́n wí?" Lónìí, ayé ló ń bi í. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tètè rí oorun sùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilé sinimá kún dẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àga fún Ojúletí níwájú, ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń rí i. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọ̀gá ọkọ̀ fi orí gbá ọkọ̀ irin, ọkùnrin náà sì tú èébú sílẹ̀ wàràwàrà.

"Kí ló wí?" gbogbo ilé pariwo.

Ojúletí yíjú padà, ó rí ìbéèrè náà lẹ́nu wọn, ó sì wo àwọn ọmọdé tó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ń kí ìyá rẹ̀," ló wí.

Ẹ̀rín àwọn àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé.