Ìrẹsì Fidáù Àjàlá

"Ẹ́ńjìnì yìí ò tíì gbó rárá, Alàájì," Fàsásì tó wá rà á wí, ó ń fi ìka kan ara ẹ́ńjìnì náà bí ẹni tó ń yẹ ẹran wò lọ́jà. "Tí ẹ bá ti gbà, mo máa gbé e lọ sí Ìpakodò lónìí."

"Gbé e," Alàájì Tìrìmísíyù dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e."

Mùlíkátù ló sọ̀rọ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Opó tó wà nínú tákàbà kì í jáde nílé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó má sọ̀rọ̀. Ọ̀la ni fidáù ọjọ́ kẹjọ Àjàlá, ọkọ rẹ̀. Tìrìmísíyù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ti ní dandan ni kí wọ́n se ìrẹsì fún gbogbo ẹni tó bá wá ṣàdúà, bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti máa ń ṣe é. Owó ò sì sí nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣeé tà ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tí Àjàlá fi ń pẹja, èyí tí Qamardeen, ọmọ rẹ̀, fẹ́ máa fi bọ́ ilé lọ.

"Ìyá Qamardeen," Tìrìmísíyù ní, "ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹlẹ́yà ni?"

"Rárá, sà. Ìbéèrè ni mo ní. Tí wọ́n bá jẹ ìrẹsì tán, kí ni Qamardeen máa gbé wọ odò?"

Fàsásì ló gbà á sọ.

"Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́ o, ìyá. Rédíò ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé gbogbo ayé ni oúnjẹ ti gbówó lórí. Ogun lọ́hùn-ún, dọ́là níbí."

"Mo gbọ́. Tí gbogbo ayé bá ti mọ̀ pé ìrẹsì di wúrà, ẹni tó ń bọ̀ níbí lọ́la náà mọ̀."

Inú ń bí i gidigidi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àjàlá ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kó fara dà á. Ó ti fara da ikú. Kò ní fara da èyí.

"Ewùrà wà lóko wa," ó ní. "Ẹja tí mo yan ṣì wà lórí ààrò, edé náà wà. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo máa sè."

"Ìkọ́kọrẹ́ níbi fidáù!" Fàsásì bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni Lèmọ́mù máa wí?"

"Ṣé Lèmọ́mù ní àdúà tó jẹ́ ti ìrẹsì nìkan ni? Sàárà ni sàárà." Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. "Alàájì, ẹ̀yin lẹ wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Mi ò ní dójú tì yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ta ẹ́ńjìnì yìí, ẹ̀yin lẹ máa máa bọ́ wa, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé agbára yín ò gbé e."

Tìrìmísíyù rọra jókòó sórí àga.

"Nígbà fidáù ìyá wa," ó ní, kò wojú ẹnikẹ́ni, "ìrẹsì tán kó tó kan àwọn ẹbí wa láti Ìbẹ̀ṣẹ̀. Títí dòní, tí mo bá débẹ̀, 'Alàájì Ìrẹsì-Tán' ni wọ́n ń pè mí. Níwájú àwọn ọmọ mi."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Mùlíkátù, ó gbé e mì. Àánú ọkùnrin náà ṣe é. Síbẹ̀, kò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Alàájì yíjú sí Fàsásì.

"Máa lọ. Má bínú pé mo jẹ́ kó o wá lásán."

Ó bọ́ agbádá, ó ká a lé àga, ó sì ké sí Qamardeen pé kó wá bá òun gbé ẹ́ńjìnì padà sínú ọkọ̀.

"Ìgbà wo lo máa gbé ìkòkò kaná?" ó bi Mùlíkátù.

"Tí a bá ti kírun àsùbáà, sà."

"Èmi ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà," ó ní. "Ẹni tó bá bèèrè ìrẹsì, èmi ni kó bi."