Alùpùpù Tí Kò Fẹ́ Sáré

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí alùpùpù mi ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, iye ìgbà tí mo sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ wò kò lóǹkà mọ́. Bí mo bá ti yọ lórí títì báyìí, ọkùnrin náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Màmá, ó kù díẹ̀." Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Èmi nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́ fún. Torí ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ókùdíẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́.

Lọ́sẹ̀ kìíní, ó ní fọ́ọ̀kì tó di taya iwájú mú ló tẹ̀. Mo gbà, nítorí èmi ni mo wà lórí ẹ̀ nígbà tó tẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ilé abiyamọ kan lọ́jọ́ òjò, mo ya kọ́nà, iyanrìn wà nílẹ̀, èmi àti alùpùpù jọ nà gbalaja. Orúnkún mi òsì wú bí ìṣù búrẹ́dì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní fọ́ọ̀kì ti dé, àmọ́ kabúrétọ̀ tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì ò dáa. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹni tó mọ̀ nípa kabúrétọ̀ ti rìnrìn àjò. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní wáyà kan lòun ń retí. Mo bi í pé wáyà wo. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Wáyà inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ni, Màmá."

Kò sí wáyà tí mi ò mọ̀ nínú alùpùpù yẹn. Mo ti gùn ún fún ọdún mẹ́rìnlá, mo sì gun èyí tó ṣáájú ẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lọ wo àwọn abiyamọ nílé fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá bímọ: kí n wo ìwọ́ ọmọ, kí n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí n sì wò ó bóyá ìyá ń rí oorun sùn. Ilé mẹ́fà ni mo máa ń dé kí oòrùn tó kàn wá lórí. Láti ìgbà tí Ókùdíẹ̀ ti gba alùpùpù lọ́wọ́ mi, ilé méjì ni. Ọjọ́ tí mo bá sáré dáadáa ló ń di mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì kì í dé òkè lọ́hùn-ún tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ìsàlẹ̀ ló máa ń já mi sí, kí n wá fi orúnkún tó ń dùn mí pọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, aago mẹ́ta ni mo dé ilé ẹni tó ti ń retí mi láti aago mẹ́sàn-án. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmú ẹ̀ ti le bí òkúta, ọmọ ń ké títí ohùn ẹ̀ ti ha. Ó ní, "A ti rò pé ẹ ò ní wá mọ́, Màmá." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ẹlòmíì á ní, ṣé torí alùpùpù náà ni gbogbo eléyìí? Ọ̀rọ̀ èmi àti alùpùpù ti pẹ́. Bàbá wa máa ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe, ẹ̀yìn ilé wa sì kún fún ẹ́ńjìnnì tí àwọn tó ni wọ́n ti sọ̀rètí nù. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ méjìlá, Bàbá ṣa méjì nínú wọn, ó jó irin mọ́ irin, ó fi taya bárò sí i, ó sì gbé alùpùpù kékeré méjì jáde fún wa. Wọn ò ga ju àpótí ìjókòó lọ. Ó kun ti ẹ̀gbọ́n mi ní pupa, ó kun tèmi ní àwọ̀ ewé. Okùn la fi ń jí wọn.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, o fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí, ó di kí ó máa sáré. Tèmi náà máa ń jí, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kìíní nìkan ló fi sáré. Bí mo bá rọra ń lọ, kò ní ìjà kankan. Àmọ́ bí mo bá ti fún un níná tó ju ìdajì lọ báyìí, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kú. Màá sọ̀ kalẹ̀, màá fa okùn títí àtẹ́lẹwọ́ mi á fi bó. Kí ó tó tún jí, ẹ̀gbọ́n mi á ti yí pápá ilé ìwé ká lẹ́ẹ̀mẹta. Á wá dúró níwájú mi, á ní, "Ọwọ́ ẹ ni ò dáa. Ẹ́ńjìnnì mọ ọwọ́ tó fẹ́."

Mo gbà á gbọ́. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo fi etí yẹ̀rì mi nù ún. Mo tú kabúrétọ̀, mo tò ó padà, nǹkan kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, mo tún un tú. Ibì kan ṣoṣo tí mi ò fọwọ́ kàn ni ẹnu táǹkì tí epo ń gbà sọ̀ kalẹ̀, nítorí Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé iná lè sọ níbẹ̀. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo lè fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta tó bá sì fi gbé mi, tí atẹ́gùn ń wọ inú apá aṣọ mi, tí ilẹ̀ ń sá lábẹ́ mi, mi ò tíì rí ohun tó dùn tó o láyé mi. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi náà dùn o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí, abiyamọ tí mo fẹ́ lọ wò ti lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, àyè bá yọ fún mi lọ́sàn-án. Mo yà sọ́dọ̀ Ókùdíẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Kò sí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo bá yí gba ẹ̀yìn, mo sì rí tápólì tí wọ́n fi bo nǹkan kan mọ́ ara ògiri. Taya kan yọ lábẹ́ ẹ̀. Mo mọ taya yẹn.

Mo ká tápólì kúrò. Alùpùpù mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì tó gún bí ọ̀pá, eruku ti ta sórí ìjókòó ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú báàgì mi. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo ṣí epo, mo fi ẹsẹ̀ tó dáa tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó jí.

Ókùdíẹ̀ sáré yọ, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti parí ẹ̀?" mo bi í.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ìgbà wo ni mo ní."

Ó gbé oúnjẹ mì. "Ọ̀sẹ̀ kejì ni. Tíṣà ló wá bẹ̀ mí. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn ló kúnlẹ̀ sí, nínú ọ́ìlì. Ó ní tí mo bá gbé e fún yín, tí nǹkan kan bá ṣe yín, ọrùn mi ló wà. Kí ni kí n ṣe?"

"O wá ń purọ́ fún mi láti oṣù kan."

"Irọ́ náà ò rọ èmi gan-an lọ́rùn. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ro ohun tí màá sọ lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo ara alùpùpù ni mo ti sọ tán."

Tíṣà tó ń wí yìí, ọmọ mi obìnrin ni, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, a sì jọ ń gbé láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú. Mo gun alùpùpù mi lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí inú mi dùn pé mo padà wà lórí ẹ̀, àmọ́ ṣe ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún ọmọ mi.

Ó jókòó ní ilé ìdáná, ó ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Bírò ẹ̀ dúró lórí ìwé.

"Ta ló bí ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì?" mo ní.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"O wá lọ ń kúnlẹ̀ fún mẹkáníìkì nítorí kí n máa fẹsẹ̀ rìn."

"Tí mo bá sọ ọ́ lójú yín, ẹ ò ní gbọ́. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ." Ó ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé yín wálé, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn wọ inú bàtà yín. Ohun tí ẹ kọ́kọ́ bi mí ni bóyá wọ́n ti gbé alùpùpù kúrò nínú òjò. Mo dúró níwájú yín tí mò ń gbọ̀n, ẹ ò rí mi."

Mi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó jọ ohun tí mo lè sọ. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Mo ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Mi ò bẹ́ orí ẹnì kankan. Mo kàn dá yín dúró ni. Ẹ̀gbọ́n yín ló fún mi nímọ̀ràn ẹ̀. Wọ́n ní ohun tí bàbá yín náà ṣe fún yín nìyẹn, kò sì pa yín."

"Kí ni bàbá mi ṣe fún mi?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo rí i pé ó ti rò pé mo mọ̀. "Ẹ lọ bi wọ́n," ó ní, ó sì tún fa ìwé sún mọ́ra.

Ojú ọ̀nà méjì ló wà láàárín ilé wa àti ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá a níwájú ilé, ó ń fọ mọ́tò. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mọ́tò yẹn ló wá di iṣẹ́ ẹ̀. Bó ṣe rí i pé alùpùpù ni mo gbé wá, ó jù kànrìnkàn sínú bákẹ́ẹ̀tì.

"Ọmọ yẹn ti sọ fún ẹ," ó ní.

"Kò sọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ."

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Bàbá fi wáṣà dí ẹnu táǹkì alùpùpù kékeré tìẹ. Irin róbótó kékeré kan báyìí, ihò ẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. O ti fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Màmá wa ní kó tà á. Bàbá ní tóun bá tà á, o ò ní dákẹ́ ẹkún láé, kó kúkú máa rí epo mu díẹ̀díẹ̀, kó má lè sáré."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo bá a di sípánà mú."

Mo jókòó sórí pèpéle. Àádọ́ta ọdún. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi bíi pé ó ṣì bó.

"Ẹ mọ èyí, ẹ wá ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi ni ò dáa."

"Ọmọdé ni mí."

"Ọmọdé ni yín nígbà yẹn. Nígbà tí a sin Bàbá ńkọ́? Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì? Ọmọdé náà ni yín?"

Ó fọwọ́ họ orí tí irun ti tán lórí ẹ̀. "Wò ó, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ta ló mọ ẹ́ńjìnnì tú nínú àwa méjèèjì? Tèmi tó ń sáré, kò pé ọdún mẹ́ta tó fi sú mi. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí púlọ́ọ̀gì máa ń wà. Ìwọ tí tìẹ ò gbádùn ló ń gun alùpùpù títí di ìsinsìnyí."

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ yẹn ló sì mú kí n fẹ́ da omi bákẹ́ẹ̀tì sí i lórí. Mo ní, "Mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún un. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ni mò ń bá jà. Àṣé ẹ̀yin ni."

"Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

"Kí wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ṣé wọn ò lẹ́nu ni?"

Ó wọlé lọ bu omi wá fún mi. Mi ò mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè jí, mo so báàgì iṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ìjókòó, orúnkún òsì ni mo gbọ́dọ̀ fi dúró. Orúnkún náà yẹ̀. Alùpùpù fẹ́ dà lù mí, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo sì dúró síbẹ̀ títí ìrora náà fi rọlẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ mi wà lójú fèrèsé. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, mo gùn ún. Ilé márùn-ún ni mo dé. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ́hùn-ún, mọ́tò kan dá mi dúró lójijì, ẹsẹ̀ òsì ò lè gbé mi, ọkùnrin kan tó ń kọjá ló sáré wá dì mí mú. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Mo padà wálé, mo fi omi gbígbóná tẹ orúnkún, mo sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ń ti alùpùpù jáde, ọmọ mi tẹ̀ lé mi nínú aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Kò kí mi, mi ò retí kó kí mi. Ó di ọwọ́ alùpùpù mú gírígírí, ó fi bàtà há taya iwájú kó má baà yí. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá, mo jókòó.

"Ibo lẹ ń lọ lónìí?" ó ní.

Mo ka ilé mẹ́rin fún un. Mo sọ èyí tó jìnnà jù.

"Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Màá dúró kó dá."

"Ẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

Ó na ọwọ́, ó fa okùn akoto mi kó le sí i lábẹ́ àgbọ̀n. Ìka ẹ̀ tutù. "Inú ṣì ń bí mi sí yín," ó ní.

"Inú ń bí èmi náà sí ẹ."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó yọ bàtà kúrò níwájú taya, ó gbé báàgì ilé ìwé ẹ̀ kọ́ apá, ó sì gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ láìbojú wẹ̀yìn. Èmi náà lọ.