Píwóníà Mẹ́fà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

"Ẹyọ kan ṣoṣo?" ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nílé àwòrán béèrè láìgbójú sókè.

"Ẹyọ kan," Wanda dáhùn. "Ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì."

Ọmọbìnrin náà wo káàdì tó tẹ́ sórí káńtà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wanda! Ẹ kú ọjọ́ orúkọ o, màmá. Rédíò sọ ọ́ láàárọ̀ yìí nígbà tí mò ń múra. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jókòó sílé kẹ́ ẹ máa gbàlejò?"

"Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dé," Wanda sọ. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tètè kúrò níbẹ̀ kí irọ́ náà má bàa bímọ.

Kò sí àlejò kankan tó ń bọ̀. Ohun tó lé Wanda Sroka jáde nílé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ gan-an nìyẹn. Ní Kraków, a kì í pe ẹnikẹ́ni síbi ọjọ́ orúkọ. Kàlẹ́ńdà, tó fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́dún, ti pè wọ́n tán: ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà, gbogbo Wanda ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ á ra òdòdó, á wá tẹ aago ilẹ̀kùn rẹ. Tìrẹ ni kó o yan kéèkì sílẹ̀, kó o sì máa dúró. Dídúró ọ̀hún ló ń pa Wanda. Ní èṣí, ó yan kéèkì oníwàràkàṣì, ó to ife mẹ́fà sórí tábìlì, ó kun ètè, ó jókòó. Aago dún lẹ́ẹ̀kan péré. Ọkùnrin tó wá ka mítà gáàsì ni. Wanda gé kéèkì fún un, ó tún gé e lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin náà jẹ ẹ́ yó kó tó rántí pé òun ṣì ní ilé mìíràn í lọ. Èyí tó kù, ọjọ́ mẹ́rin ni Wanda fi dá a jẹ.

Leszek ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Wọn ò bímọ. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Nítorí náà ni Wanda ṣe sọ fún ara rẹ̀ lọ́dún yìí pé ẹni tí kò bá sí nílé kò lè gbọ́ aago tí kò dún. Òun náà á rìn bí àwọn àlejò ìlú òkèèrè ṣe ń rìn: ilé àwòrán, ọgbà, òpópónà ọlọ́jà. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń gbé nílùú yìí, kò tíì ṣe é rí. Ó pè é ní ìgbádùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bó ṣe ń yára rìn á mọ̀ pé sísá ló ń sá.

Nínú yàrá kan tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ó dúró síwájú obìnrin inú àwòrán tó gbé ẹran kékeré funfun mọ́ àyà. Àwọn èrò wọlé, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n yà á, wọ́n jáde. Àwọn mìíràn tún wọlé. Wanda ò kúrò.

"Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ o," obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà sọ láti orí àga rẹ̀. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Mò ń wò ó ni. Òun tiẹ̀ rí nǹkan gbé mọ́ra."

"Ẹranko yẹn ń buni jẹ o, màmá!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má dá mi lóhùn. Látàárọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, yàtọ̀ sí àwọn tó ń béèrè ilé ìyàgbẹ́."

Ó wá sí Wanda lẹ́nu láti sọ pé, "Ọjọ́ orúkọ mi nìyí." Ojú tì í. Ó kí obìnrin náà pé ó dàbọ̀, ó bọ́ sí ìta.

Nígbà tó dé gbàgede, afunkàkàkí orí ilé ìṣọ́ ń fun ti aago méjìlá, ó sì dá a dúró lójijì láàárín orin bó ti máa ń ṣe. Lábẹ́ agboòrùn àwọn ìyá olódòdó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gbọ́ èdè dáadáa ń na ìka mẹ́fà sókè.

"Mẹ́fà kẹ̀?" ìyá olódòdó pariwo. "Ta ló kú?"

"Ọ̀rẹ́bìnrin mi," ni ọmọkùnrin náà wí tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ kú, ó wá ń rẹ́rìn-ín! Ẹ gbà mí o!"

Wanda ò lè pa á mọ́ra. "Ọmọ mi, ra márùn-ún tàbí méje. Òdòdó tó bá ṣe é pín sí méjì ọgbọọgba, itẹ́ òkú là ń gbé e lọ. Bó o bá gbé mẹ́fà fún ọmọbìnrin yẹn, tìrẹ ti tán nílé bàbá ẹ̀."

Ọmọkùnrin náà là ojú, ó ra méje, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Wanda bí ẹni tí wọ́n yọ nínú omi. Ìyá olódòdó wá kọjú sí i. "Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá? Ta lẹ fẹ́ rà fún?"

"Mi ò rà. Wọ́n á rà fún mi tó bá yá." Irọ́ kejì nìyẹn, kò sì tíì jẹun ọ̀sán.

Ní òpópónà Floriańska, ó wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan, ó gbé búláòsì aláwọ̀ ewé kan wọ̀. Ó bá a mu. Ọmọ ọlọ́jà ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló dáa jù. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ jọ wá kó bá yín wò ó." Wanda ní onítọ̀hún ń dúró de òun níta. Ó bọ́ aṣọ náà, ó dá a padà sórí ìkọ́. Nígbà tó dé ilé oníkéèkì, ó fẹ́ ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ẹyọ kan" ti sú u láti àárọ̀. Odidi kéèkì gígùn ló rà. Kò mọ ẹni tí yóò bá òun jẹ ẹ́.

Ó gbé e lọ sí ọgbà Planty, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi. Tọkọtaya arúgbó kan ń jà lórí ẹni tó gbàgbé agboòrùn sílé. Wanda tẹ́tí sí wọn pẹ̀lú ìlara. Èèyàn ní láti ní ẹnì kan kó tó lè bá a jà.

Òun náà ní ẹnì kan rí. Danuta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni ti Danuta, ọjọ́ kejì tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní kékeré, nílé wọn ní Tarnów, kéèkì kan ṣoṣo ni ìyá wọn máa ń yan. Á gé e sí méjì: ìdajì ti òní ti Wanda, ìdajì á wà nínú bébà di ọ̀la fún Danuta. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìdajì ọ̀la, ìyá á fi ṣíbí igi gbá a lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́fà rèé, oṣù karùn-ún, ọjọ́ orúkọ ìyá fúnra rẹ̀. Wanda àti Leszek wà létíkun lọ́jọ́ náà, tíkẹ́ẹ̀tì reluwé wọn ku ọjọ́ méjì, Wanda sì ní, "Màá lọ kí i bá a bá dé. Ìyá ò ní bínú." Ìyá ò bínú lóòótọ́. Ó wọ aṣọ búlúù rẹ̀, ó gbé àga sẹ́nu fèrèsé, ó ń wo ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí Wanda tó dé Tarnów, àìsàn ti dá ìyá dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìdí pósí ni Danuta ti rojọ́ fèrèsé yẹn lójú gbogbo èèyàn, Wanda sì fèsì. Ẹyin lohùn, àwọn méjèèjì fọ́ tiwọn mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí Danuta sọ kẹ́yìn ni, "Má tún tẹ aago ilẹ̀kùn mi mọ́ láyé." Wanda ò sì tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà fóònù Danuta tó ní kò lọ mọ́. Ó ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta, kò fi ọ̀kankan ránṣẹ́, òun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá àwọn ẹlòmíràn fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Aago márùn-ún ń lọ lù nígbà tó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni òdòdó. Píwóníà ni, pupa tí etí rẹ̀ funfun, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò síbi tí irú píwóníà yẹn ti ń hù tí òun mọ̀ àfi ẹ̀yìnkùlé ìyá wọn ní Tarnów.

"Danuta," ó wí jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, torí kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí kì í ka òdòdó tí wọ́n bá fún un. Ó kà á dé mẹ́fà, kò rí ìkeje. Ó wo ilẹ̀ yíká, ó tún wọn kà. Mẹ́fà.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kéèkì lórí itan, ó sunkún bí kò ṣe sunkún nígbà tí Leszek kú. Ó dùn ún wọ egungun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ reluwé wá láti Tarnów láti wá sọ fún un pé òkú ni.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí. Màmá Gąsior, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, yọ orí jáde. "Wanda? Ìwọ lò ń ké lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ ọwọ́?"

"Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún mi, Màmá. Òdòdó òkú! Mẹ́fà! Lọ́jọ́ orúkọ mi!"

"Mẹ́fà bí ti báwo?" Màmá Gąsior súnmọ́ ọn, ó kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó yí padà wọlé. Nígbà tó jáde, ife omi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, píwóníà kan sì dúró nínú rẹ̀. "Ìkeje rèé. Èmi ló fún. Mo gbé àpótí ìjókòó fún un, mo fún un ní tíì, ó ní kò yẹ kóun gbà á lásán, ló bá fa ọ̀kan yọ. Èmi àgbàyà náà gbà á, mi ò ro ti èyí tó kù. Ọlọ́run má jẹ́ kí n fi òmùgọ̀ kú."

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wanda nu ojú, ó rí àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kékeré, onígi, èyí tí Màmá Gąsior máa ń gbé sọ́gbà. "Ó jókòó?" ó béèrè. "Ó pẹ́ tó?"

"Láti mọ́kànlá títí di mẹ́ta. Pẹ̀lú orúnkún tó wú bẹ́ẹ̀ yẹn! Mo ní kó wọlé mi, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bó o bá dé, tó ò rí òun lẹ́nu ilẹ̀kùn, wàá rò pé òun ò wá."

"Wákàtí mẹ́rin." Àga ìyá lẹ́nu fèrèsé ni Wanda ń rí. "Kí ló sọ nígbà tó ń lọ?"

Màmá Gąsior gbé ojú kúrò. "Ó ní o wà nínú ilé. Ó ní o rí òun, o kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn, pé ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ lé ọ. Mo ní rárá, mo gbọ́ nígbà tó o jáde. Kò gbà. Ó ní, 'Ta ló ń jáde nílé lọ́jọ́ orúkọ ẹ̀?'"

Àgbà gun àtẹ̀gùn wá bá àbúrò, àbúrò wà nínú ilé àwòrán, ó ń bá obìnrin inú férémù ṣe ìlara ẹranko.

"Mo gbọ́ rédíò láàárọ̀," Màmá Gąsior tún sọ. "Èmi náà ì bá wá kí ọ. Mo rò pé èrò á ti kún ilé rẹ ni."

"Ẹ wọlé, Màmá," Wanda sọ. "Mo ra kéèkì."

Wọ́n jókòó. Wanda kó píwóníà sínú omi, ó fa ọ̀kan yọ, ó nà án sí Màmá Gąsior. "Ẹ fi kún tiyín."

"Kó di méjì? Ṣé o fẹ́ sin mí láàyè ni!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Wanda kó tó mọ̀. Ó dá òdòdó náà padà, ó mú ọ̀bẹ. Ó gé kéèkì gígùn náà sí méjì, ó wé ìdajì kan sínú bébà. Màmá Gąsior wo bébà náà, ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó mi orí.

"Danuta," ó wí. "Ọ̀la."

"Ọ̀la. A kì í pe ẹnikẹ́ni, a kì í sì í lé ẹnikẹ́ni." Wanda fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Reluwé aago méje àárọ̀. Màá ra òdòdó méje ní ibùdókọ̀, màá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n Màmá, bó bá rí mi láti ojú fèrèsé tí kò ṣílẹ̀kùn ńkọ́?"

"Wàá jókòó," Màmá Gąsior dáhùn. Ó bu kéèkì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán kó tó parí ọ̀rọ̀. "Òun náà jókòó. Gbé àpótí mi dání."

Wanda ò rẹ́rìn-ín sí èyí. Nígbà tí arúgbó náà lọ tán, tí oòrùn oṣù kẹfà ṣì ń tàn lójú fèrèsé, ó jáde lọ gbé àpótí náà wọlé. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kéèkì inú bébà lé e lórí, kó má bàa gbàgbé ọ̀kankan nínú méjèèjì.