Omi Tí Moyọ̀sọ́lá Ń Bù

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá, Moyọ̀sọ́lá sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Ọláníran, ọkọ rẹ̀, ti ń wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì wá di ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀, ife omi kò kúrò lọ́wọ́ obìnrin yìí. Kíndìnrín ọkọ òun ló gbẹ, ohun tó sọ fún gbogbo ará abúlé wọn, Omifunfun, nìyẹn. Ta ni yóò bá a jiyàn? Bí ọ̀gbìn kòkó bá ń gbẹ, ṣebí omi la ń bù sí i.

Ọláníran ń mu ún nítorí ìfẹ́, ẹsẹ̀ sì ń wú sí i. Ó wá di pé orí àga ló ń sùn, torí bó bá ti na ẹ̀yìn báyìí, èémí á há. Ìdajì ibùsùn wọn ṣófo, ó sì ń dun Moyọ̀sọ́lá gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀rẹ̀, oorun gbé obìnrin náà lọ lórí bẹ́ńṣì. Ó bá ara rẹ̀ létí odò oko wọn. Ìtí ọ̀pẹ kan ti wó dí odò nísàlẹ̀, omi sì ń padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ń wọ inú kòkó lọ láìpariwo. Ọláníran dúró láàárín rẹ̀, omi mù ún dé àyà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Igbá wà lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́lá, ó ń bu omi kún odò. Ó fẹ́ dáwọ́ dúró, ọwọ́ kò gbọ́.

"Ìyá, ẹ jí." Dókítà Olúyẹ́misí ló dúró tì í. "Kíndìnrín Bàbá kò gbẹ. Ọkàn wọn ló ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn, ó kún iṣan ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fún kíndìnrín mọ́ débi tí kò fi lè ṣiṣẹ́. A ó fún wọn lóògùn, ṣùgbọ́n ẹ dín omi wọn kù."

"Èmi ni mo ń bù ú," Moyọ̀sọ́lá wí, ó sì bú sẹ́kún.

Oògùn ṣiṣẹ́. Ọláníran tọ̀ títí, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọlẹ̀, wọ́n sì padà sílé. Ẹ̀ẹ̀rùn ń mú.

"Ìyá Victor, òùngbẹ ń gbẹ mí o."

Ọwọ́ Moyọ̀sọ́lá ti dé etí ìkòkò kó tó fà á padà. "Ẹ ti mu ti àárọ̀. Ó tún di ìrọ̀lẹ́."

Ọláníran wo ètè ìyàwó rẹ̀ tó ti gbẹ. "Ìwọ náà ò mu?"

"Ṣé kí n máa mu, kí ẹ máa wò mí?"

Ọláníran rẹ́rìn-ín bíi tojú àlá ọjọ́ náà. Ó na ẹ̀yìn gbọọrọ lórí ibùsùn, èémí kò há, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì. "Wá sùn tì mí, bóyá òùngbẹ á gbàgbé wa."

Moyọ̀sọ́lá fi ọmọrí dé ìkòkò, ó sì lọ sùn tì í.